Wẹ́dà ní òun á jó Recaro mọ́ ẹsẹ̀ àga Civic mi: ṣé kí n gbà?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ní Abuja ni mò ń gbé. Honda Civic 2008, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ni mò ń wà. Mo ra àga Recaro méjì tí wọ́n kó wá láti London, mo sì gbé e lọ bá wẹ́dà kan ní Apo. Ó ní 'ba matsala' (kò sí ìṣòro), òun á gé orí àga àtijọ́ kúrò, òun á jó Recaro mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wákàtí méjì péré. Nígbà tá a gbé ti dírẹ́bà síbẹ̀ wò, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, sítíárìn ò sì sí níwájú mi gan-an, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Iná kan tún tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, kò kú mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́ kó jó o?"

Àbúrò, má gbà. Sanwó ohun tó ti ṣe fún un, ẹ fi ẹ̀rín túká, kó o sì gbé àga àtijọ́ méjèèjì kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi gíráńdà kàn án. Wàá ṣì nílò wọn.

N ò ní wẹ́dà yẹn ò mọṣẹ́ o. Bó bá jó géètì, géètì ọ̀hún lè dúró títí ọmọ onílé á fi di bàbá ọmọ. Ṣùgbọ́n géètì kì í bá èèyàn sáré lójú ọ̀nà Kaduna.

Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o wo ẹ̀gbẹ́ àga Civic rẹ, lápá ọ̀dọ̀ jíà. Ibi tó o máa ń ki ahọ́n bẹ́líìtì bọ̀ tó fi ń dún "kọ́", ara egungun àga ni wọ́n dè é mọ́, kì í ṣe ara ilẹ̀ ọkọ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, ara rẹ á fa bẹ́líìtì, bẹ́líìtì á fa àga, àga á fa bóòtù mẹ́rin tó dè é mọ́lẹ̀. Ohun tí wẹ́dà fẹ́ gé sí méjì tó tún fẹ́ fi iná lẹ̀ pọ̀, àárín gbùngbùn ìfàfà yẹn ló wà.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní o wọn kílò 80, tó o ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tó o kọ lu ògiri, tí imú ọkọ̀ sì rún wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 60 kó tó dúró. Ìwúwo rẹ á di ìlọ́po 16. Nǹkan bíi kílò 1,300 nìyẹn, lórí bẹ́líìtì kan. Àga fúnra rẹ̀, bó bá jẹ́ kílò 15, á máa fa bóòtù rẹ̀ bí ẹni tó wọn 240. Ta ló sì ń sá 50 lójú Kubwa Expressway bí kò bá sí gósílóò?

Irin tí wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ àga àti réèlì tó ń yọ̀ síwájú sẹ́yìn kì í ṣe irin géètì. Irin tó fẹ́lẹ́ ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ ti fi iná àti ìtutù sọ ọ́ di líle. Bí iná wẹ́díǹ bá tún gbà á, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó yẹn á dẹ̀, ojú kò sì ní lè rí i. Ó lè gbé ọ fún ọdún mẹ́ta láìdún. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó náà ló máa ti fà ya. Ká má tíì sọ ti fóòmù tó ń gbaná bí òwú, tàbí ti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ (bíréènì bọ́ọ̀kìsì) tó lè jó tí wọ́n bá ń jó irin nínú ọkọ̀ láìyọ bátìrì. Ẹni tó bá sì ní Honda Fit tó ń ka èyí, táńkì epo tiyín, abẹ́ àga iwájú gan-an ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná tàbí dírílì débẹ̀.

Ó yá, iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun ni màá kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló lè ṣe èèyàn léṣe lónìí yìí. Ó dá mi lójú pé ti SRS ni, ìyẹn iná éábáàgì. Civic ọjà Amẹ́ríkà ọdún tìrẹ ní éábáàgì nínú ẹ̀yìn àga iwájú méjèèjì, lápá ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn. Nígbà tí wẹ́dà tú àga rẹ, ó fa pulọ́ọ̀gì yẹ́lò tó wà lábẹ́ rẹ̀ yọ, kọ̀ǹpútà éábáàgì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun ò rí ọmọ òun mọ́. Bí iná yẹn bá ti tàn, má gbọ́kàn lé e pé àwọn éábáàgì yòókù á jáde lọ́jọ́ tó o bá nílò wọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan pulọ́ọ̀gì yẹ́lò lábẹ́ àga gbọ́dọ̀ pa ọkọ̀, kó yọ orí bátìrì lápá nẹ́gẹ́tíìfù (ti dúdú), kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán. Kọ̀ǹpútà náà máa ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ló fi ń tán. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà ní gáréèjì kan ní Kaduna nígbà tí ọmọṣẹ́ kan fẹ́ mọ̀ bóyá iná wà nínú okùn àga tí wọ́n ti gbé sílẹ̀. Ó fi téstà oníná kàn án. Ohun tó tẹ̀ lé e dún bí ìbọn. Éábáàgì ya awọ àga jáde, àga fò dé ẹsẹ̀ ògiri, etí ọmọ náà sì ń hó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọpẹ́ ni pé kò jókòó sórí rẹ̀. Bó o bá ti gbé àga rẹ àtijọ́ délé, gbé e síbi tí oòrùn àti ọmọdé ò ní dé, má sì jẹ́ kí téstà kankan sún mọ́ ọn.

Rìwáyà lè sọ fún ọ pé òun á fi rẹsístọ̀ kékeré kan tan kọ̀ǹpútà jẹ, iná á sì kú. Á kú lóòótọ́. Éábáàgì ẹ̀gbẹ́ ò ní sí níbẹ̀ síbẹ̀. Ojú tí mo fi ń wò ó ni pé bó o bá ti pinnu láti yọ àga onéábáàgì, kí rìwáyà tó mọṣẹ́ ṣe é kí àwọn tó kù lè máa ṣiṣẹ́ sàn ju kí gbogbo wọn dákẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sórí bébà, kó o fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àga, kí ẹni tó bá máa ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́la mọ ohun tó rà. Éábáàgì ẹ̀gbẹ́ yẹn, òun ni owó tó o san fún Recaro, yàtọ̀ sí náírà.

Apá kejì wà, ti ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Honda fi ẹ̀rọ kan sínú ẹ̀yìn àga yẹn tó ń mọ̀ bóyá ọmọ kékeré ló jókòó síbẹ̀ tàbí àgbàlagbà tó sùn fara ti ilẹ̀kùn, kí éábáàgì má baà lu ẹni tí kò yẹ kó lù. Recaro ò ní in. Torí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kó o lo Recaro kan ṣoṣo, ti dírẹ́bà. Dá àga ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ẹ á fẹ́ kó jẹ́ méjì kó lè bára mu. Ọ̀kan tó kù, ra ẹsẹ̀ onítáyà ní Kugbo kó o fi ṣe àga kọ̀ǹpútà. Mo ní irú rẹ̀ nílé, òun ni mo jókòó lé tí mo fi ń kọ èyí.

Ṣùgbọ́n èwo nínú méjèèjì ni wàá lò? Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú síbẹ̀. Àwa kúrò lápá òsì ojú ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, àmọ́ àwọn ará London ò tíì kúrò níbẹ̀. Àga dírẹ́bà tiwọn, apá ọ̀tún ọkọ̀ ló ti wá. Bó o bá gbé e síbi tí dírẹ́bà tiwa ń jókòó, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀yìn àga padà á kọjú sí jíà, á há mọ́ hándíbíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó ti gbó á bọ́ sí inú. Ó jọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ní Apo nìyẹn: ẹ gbé èyí tí ara rẹ̀ ti gbó jù torí pé ẹ mọ̀ pé ti dírẹ́bà ni. Ti dírẹ́bà ni lóòótọ́, ní London. Èyí tó wá láti apá òsì ni kó o lò. Ara rẹ̀ á tún tutù ju èkejì lọ, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn ń jókòó síbẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó ní ọwọ́ ìyípo lápá méjèèjì, o ti bọ́.

Kó o tó tẹ̀ síwájú, yí i dojú dé. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ Recaro sí lára kọ́ ni Recaro. (Ará Jámánì ni wọ́n; Reutter àti Carosserie ni wọ́n gé pọ̀ di orúkọ yẹn lọ́dún 1963.) Wá nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ irin tàbí páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Di ẹ̀yìn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó o fi orúnkún tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o sì lọ́ ọ. Tó bá ń rá tàbí tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, má fi sínú ọkọ̀ rárá.

Wàyí o, bí a ṣe máa mú un bá ọkọ̀ mu. Àwọn kan ń ṣe ẹsẹ̀ Recaro fún Civic ní Amẹ́ríkà àti Japan, tí wàá kàn fi bóòtù dè. Bó o bá ní ẹni tó ń bọ̀ nílé, òun ni kó o ní kó bá ọ rà, kó o má sì wulẹ̀ ka ibi tó kù. Bí kò bá sí, a ó ṣe bíráákẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni irin tuntun tí a fi bóòtù dè mọ́ ihò mẹ́rin tí Honda fi sílẹ̀ nílẹ̀, tí a tún fi bóòtù de réèlì Recaro mọ́ lókè. A ò ní fi iná kan àga, a ò ní fi iná kan ilẹ̀ ọkọ̀, a ò sì ní dá ihò tuntun lu.

Dá àga àtijọ́ ti dírẹ́bà padà sínú ọkọ̀, kó o sì jókòó sórí rẹ̀ bó o ṣe máa ń jókòó. Ní kí ẹnìkan fi téèpù wọn láti orí rẹ dé òrùlé, láti àárín àga dé etí ẹnu ọ̀nà, àti láti àyà rẹ dé àárín sítíárìn. Ìwé ni kó o kọ ọ́ sí o, má kọ ọ́ sí fóònù tí bátìrì rẹ̀ máa kú. Wá mú okùn òwú kan, so nọ́ọ̀tì wíwúwo mọ́ ọn nídìí, kó o so orí rẹ̀ mọ́ àárín sítíárìn gẹ́lẹ́, kí nọ́ọ̀tì náà máa rọ̀ sílẹ̀. Ibi tó bá dúró sí, fi téèpù funfun lẹ ilẹ̀ níbẹ̀, kó o fa ìlà kan láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn ní tààrà. Orí ìlà yẹn ni àárín Recaro gbọ́dọ̀ wà, àyàfi bí ìwọ̀n tó o kọ bá fi hàn pé àga Honda fúnra rẹ̀ ò sí lórí rẹ̀.

Má fojú kékeré wo sẹ̀ǹtímítà méjì. Àga spọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tí mo fi sínú ọkọ̀ mi, Panteka ní Kaduna ni mo ti ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú la sì fi wọ̀n ọ́n. Ó yà sí ọ̀tún ní sẹ̀ǹtímítà méjì àti díẹ̀. Nínú ìlú, n ò mọ nǹkan kan lára. Ọjọ́ tí mo wà á lọ sí Ìlọrin, kí n tó dé Lọ́kọ́ja ni ìbàdí mi lápá òsì ti ń ta mí bí ata. Àga Recaro máa ń di èèyàn mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í jẹ́ kó o yí ara padà láti wá ibi tó tù ọ́. Bó bá wọ́, ìwọ náà á wọ́ mọ́ ọn títí tí wàá fi dé.

Ihò mẹ́rin tó wà nílẹ̀ kò ga dọ́gba. Èyí tó wà lọ́dọ̀ jíà lè ga ju ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ, tẹ̀yìn náà sì lè yàtọ̀ sí tiwájú. Ibẹ̀ ni bíráákẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń wọ́: wọ́n á gé irin mẹ́rin tó gùn dọ́gba, wọ́n á sì fi wọ́ṣà dí ibi tó kù. Páálí ni kó o kọ́kọ́ lò. Gé páálí bí bíráákẹ́ẹ̀tì ṣe máa rí, fi sórí ihò, gbé Recaro lé e, jókòó sórí rẹ̀, tú u, tún un gé. Bó bá gbà ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, páálí ò wọ́n. Ìgbà tó bá jókòó dáadáa ni kó o tó gbé páálí yẹn fún ẹni tó ń gé irin.

FIA, àjọ tó ń bójú tó eré ọkọ̀ lágbàáyé, ní kí irin tó gbé àga nínú ọkọ̀ eré má ṣe tín-ín-rín ju mìlímítà 3 lọ bó bá jẹ́ irin, 5 bó bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, kó ní ibi ìdè mẹ́rin ó kéré tán, kí bóòtù kọ̀ọ̀kan má sì kéré ju M8 (mìlímítà 8 ní ìbú) lọ. Èmi máa ń lo irin mìlímítà 5, torí pé irin 3 tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà kì í sábà jẹ́ 3. Gbé kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, lọ. Bí ibì kan nínú bíráákẹ́ẹ̀tì bá gbọ́dọ̀ jẹ́ jíjó, kí wọ́n jó o lórí tábìlì, níta ọkọ̀, kí wọ́n jó o yí ká, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi iná tọ́ ọ lójú mẹ́ta.

Bóòtù ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ Honda, sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 ló ń tú ti ilẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó jáde lára àga àtijọ́ náà ni kó o dá padà. Ti òkè, tó máa de Recaro, wo orí bóòtù kó o tó rà á: ó gbọ́dọ̀ ní 8.8 tàbí 10.9 lára, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó. Bóòtù tí kò ní nọ́ńbà lórí, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú irin òrùlé ní Dei-Dei, fi sílẹ̀ fún òrùlé. Fi ọwọ́ lásán yí gbogbo wọn wọlé kó o tó fi sípánà kàn án. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti yí, má fagbára mú un, nọ́ọ̀tì tí wọ́n jó mọ́ ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yẹn, bó o bá fi bàjẹ́, iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ibi ìki bẹ́líìtì. Tú u kúrò lára àga àtijọ́ pẹ̀lú bóòtù rẹ̀ gan-an, kó o sì yọ okùn kékeré tó ń sọ fún dáṣíbọ́ọ̀dù pé o ti de bẹ́líìtì. Àwọn Recaro kan ní ibi tí wọ́n ṣe fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ réèlì. Bí tìrẹ kò bá ní, bíráákẹ́ẹ̀tì apá jíà ni kó o dè é mọ́, kí irin ibẹ̀ nípọn dáadáa, má ṣe dè é mọ́ irin pẹlẹbẹ tó wà nínú fóòmù. Nígbà tó o bá jókòó, orí egungun ìbàdí rẹ ni bẹ́líìtì ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, kì í ṣe orí ikùn, ìrọ̀rí ẹ̀gbẹ́ Recaro ò sì gbọ́dọ̀ gbé e sókè. Èyí ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Àwọn tó máa ní kó o ra bẹ́líìtì olókùn mẹ́rin bíi ti eré ọkọ̀, dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkọ̀ tí kò ní irin ìdè lẹ́yìn àga kò ní ibi tó dáa tá a lè so ó mọ́, bí kò bá sì sí okùn tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá, èèyàn lè yọ̀ gba abẹ́ rẹ̀.

Ti orí tó ń kan òrùlé rọrùn ju bó o ṣe rò lọ. Ohun tó gbé ọ sókè ní Apo ni pé ẹ gbé réèlì Recaro lórí ẹsẹ̀ àga Honda, ẹsẹ̀ méjì lórí ara wọn. Bíráákẹ́ẹ̀tì á mú ìkan kúrò. Àyè ẹ̀ṣẹ́ kan láàárín orí àti òrùlé ni mo ń wá. Bó bá ṣì ga díẹ̀, ọ̀gá tó ń ran àga ọkọ̀ lè ṣí aṣọ rẹ̀, kó gé fóòmù ìdí tó sẹ̀ǹtímítà méjì lápá ìsàlẹ̀, kì í ṣe lápá òkè, kó má sì fi fóòmù mátíráàsì rọ́pò rẹ̀, torí ó máa ń rì. Má jẹ́ kó gé iwájú. Iwájú ìdí àga gbọ́dọ̀ ga ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ díẹ̀, bíi ìka méjì, kí ìdí rẹ má baà máa yọ̀ síwájú nígbà tó o bá tẹ bíréèkì. Nígbà tó bá ti ṣí aṣọ, bí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní awọ dúdú, kọ̀ fún un. O mọ ohun tí oòrùn oṣù kẹta ń ṣe ní Abuja.

Bó o bá ti dè é tán, jókòó, fi ẹ̀yìn ti àga dáadáa, kó o na ọwọ́ sí orí sítíárìn. Ọrùn ọwọ́ rẹ ló yẹ kó gbé lé e, kì í ṣe ìka. Láti àárín sítíárìn dé àyà rẹ kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 25, torí éábáàgì tó wà níbẹ̀. Ti àga síwájú títí, fà á sẹ́yìn títí, kó o gbọ́ kí réèlì méjèèjì dún papọ̀. Bí ọ̀kan bá dún kí èkejì tó dún, bíráákẹ́ẹ̀tì rẹ wọ́ níbì kan. Tú bóòtù òkè, ti àga lọ ti àga bọ̀ kó bá réèlì rìn, kó o tó tún un dì.

Fi kun funfun tí obìnrin fi ń kun èékánná fa ìlà kan láti orí bóòtù kọ̀ọ̀kan bọ́ sára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rin ọ̀nà tó jìn kan, bíi Kubwa sí Kaduna lọ àti bọ̀. Bó o bá délé, tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àga kó o wò ó: bóòtù tí ìlà rẹ̀ ò bá dọ́gba mọ́ ti yí, tún un dì, kó o sì tún wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.